Kọnkéré Tí Wọ́n Dà Fún Mi

Kọnkéré náà dára. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí ẹni tó bá gbọ́ ìyókù lè rò pé iṣẹ́ játijàti ni. Bíríkìlà tó ṣe é mọṣẹ́ ẹ̀. Ilẹ̀ náà tẹ́jú, ó ń dán, omi ò lè dúró lórí ẹ̀. Wọ́n mọ ògiri búlọ́ọ̀kù yí i ká tó dé ìbàdí ènìyàn, wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé pé: ÀWA ARÁ ABÚLÉ LA ṢE ÈYÍ FÚN ỌMỌ WA. Èmi ni ọmọ náà. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀gá mi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì, tí mo ka ohun tó wà lára ògiri yẹn, mo wá ibi tí mo lè fojú pamọ́ sí, n ò rí.

Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba kan nílùú Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ wa ni ká máa wọn ooru, òjò àti afẹ́fẹ́ láti ọdún dé ọdún, kí àwọn onímọ̀ lè mọ̀ bóyá ojú ọjọ́ ń yí padà lóòótọ́ tàbí ẹnu lásán la fi ń sọ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ibùdó tí a ti ń wọ̀n ọ́n wà ní abúlé wa, lẹ́yìn Akínyẹlé, ní ẹ̀gbẹ́ oko bàbá mi. Kí wọ́n tó bí mi ló ti wà níbẹ̀. Bàbá mi ló yọ̀ǹda ilẹ̀ náà fún àwọn tó kọ́kọ́ wá, wọn ò sì gba nǹkan kan lórí ẹ̀ títí dòní. Àpótí funfun kan dúró níbẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin. Pákó pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ̀rọ tó ń wọn ooru sì wà nínú rẹ̀. Agolo tó ń gba òjò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ tó yí wọn ká jẹ́ koríko tí wọ́n máa ń gé mọ́lẹ̀.

Koríko yẹn ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Ooru orí koríko yàtọ̀ sí ooru orí kọnkéré. Ẹni tó bá ti rìn lọ́sàn-án láìwọ bàtà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá fẹ́ fi ooru ọdún yìí wé ti ìgbà tí bàbá mi ṣì jẹ́ géńdé, ibi tí a ti ń wọ̀n ọ́n ò gbọdọ̀ yí padà. Koríko kan náà, gbangba kan náà, láìsí ilé tàbí igi tó ṣíji bò ó. Níbi tí ibòmíràn ti kọ́lé, tí wọ́n ti ṣe títì, tiwa dúró bó ṣe wà. Gbogbo iyì ibùdó abúlé wa kò ju ìyẹn lọ.

Tẹ́lẹ̀, ènìyàn ló máa ń lọ ka ẹ̀rọ náà láràárọ̀. Nígbà tó yá, a gbé ẹ̀rọ tuntun wọ inú àpótí náà, irú èyí tó máa ń fi ohun tó bá wọ̀n ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, bí ìgbà tí fóònù bá ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ni èmi náà bá jókòó sí ọ́fíìsì, tí mò ń wo abúlé wa lójú kọ̀ǹpútà. Bàbá mi á pè mí, wọ́n á ní, "Ṣé o mọ̀ pé òjò rọ̀ níbí lánàá?" Màá ní, "Mo ti rí i, Bàbá." Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín pé ọmọ àwọn ń ti Ìbàdàn rí òjò oko àwọn. Mo fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀ débi pé n kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sílé mọ́. Kí ni mo tún fẹ́ lọ wò?

Lẹ́yìn ọyẹ́, mo ṣàkíyèsí pé ooru abúlé wa ti lọ sókè, pàápàá lóru. Ilẹ̀ á ṣú, àwọn ibùdó yòókù á tutù, tiwa ò ní tutù bọ̀rọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan. Bó ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Orí mi wú. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí orí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ wú sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wú, torí èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo dìde níwájú gbogbo ọ́fíìsì, mo ṣàlàyé pé wọ́n ti gé igbó tó wà lápá Ìjàyè, pé ilé ti pọ̀ lójú ọ̀nà, pé ayé ń gbóná, ó sì ti dé orí oko bàbá mi báyìí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ọ̀gá mi, obìnrin tí kì í yára sọ̀rọ̀, dúró títí àtẹ́wọ́ fi parí. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ibẹ̀ ná."

Inú bí mi. Mo rò pé wọn ò fọkàn tán mi ni. Mo tiẹ̀ kùn sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń jókòó tì mí létí pé ká ní òun tó jẹ́ ọkùnrin ni ó mú irú nǹkan yìí wá, kò sẹ́ni tó máa ní ká lọ wo ilẹ̀. Mo pe bàbá mi pé à ń bọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Ó tó àsìkò. Ẹ máa bọ̀, a ti ń retí yín." N ò béèrè ohun tí wọ́n fi ń retí wa.

Nígbà tí a débẹ̀, gbogbo abúlé ló ti pé. Àwọn àgbà jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n gbé wá láti ilé kéú. Bàbá mi wọ agbádá tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ kí ìrun Jímọ́ọ̀. Omi tútù inú ọ̀rá wà nínú abọ́ ńlá pẹ̀lú yìnyín, yìnyín tí ẹnì kan ní láti gun ọ̀kadà lọ rà lójú títì. Kọnkéré yẹn sì wà láàárín gbogbo wa, ó ń tàn yòò nínú oòrùn, àpótí funfun wa dúró sórí ẹ̀ bí àlejò tí wọ́n gbé kalẹ̀ sáàárín ilé onílé.

Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n bẹ̀ fi ṣe é. Àwọn kan ru yanrìn láti odò, àwọn kan mú sìmẹ́ńtì wá, àwọn géńdé gé búlọ́ọ̀kù, bíríkìlà ò gba owó iṣẹ́. Ìyàwó àbúrò bàbá mi, tó tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá mi kú, ló ṣàlàyé ìdí ẹ̀ fún àwọn àlejò. Màámi ni mò ń pè wọ́n.

"Ó wá síbi ìkómọ kan nígbà òjò," ni wọ́n wí, wọ́n gbá mi lọ́wọ́ mú. "Ó wọ bàtà funfun kan báyìí, ó lọ wo ẹ̀rọ ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀. Ó wá ń sọ pé, 'Ibí yìí mà dọ̀tí o!' Ó dùn wá, ẹ jọ̀ọ́. A ní ọmọ wa ò ní máa ti ọ́fíìsì bọ̀ kó máa wá tẹ ẹrẹ̀."

N ò rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jọ ọ̀rọ̀ ẹnu mi gan-an ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ọ́fíìsì wa yọ fóònù, ó ń ya fọ́tò, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Ojú tì mí. Kí n má parọ́, nítorí àwọn ènìyàn mi ni ojú kọ́kọ́ ṣe ń tì mí, nítorí agbádá bàbá mi, nítorí lẹ́tà pupa gàgàrà ara ògiri yẹn. Mo rọra sún sẹ́yìn díẹ̀ bí ẹni pé èmi àti àwọn kọ́ la jọ wà níbẹ̀. Bàbá mi rí i pé mo sún sẹ́yìn, wọ́n rò pé oòrùn ni, wọ́n bá ní kí wọ́n gbé àga fún mi síbi ìbòòji. Ìgbà yẹn ni ìtìjú náà wá yí ojú sí èmi fúnra mi, kò sì tíì kúrò níbẹ̀ dòní.

Ọ̀gá mi kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà. Wọ́n ní kí Ọlọ́run san wọ́n lẹ́san rere, gbogbo ènìyàn ṣe àmín. Wọ́n mu omi, wọ́n rìn yí ibẹ̀ ká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ agolo òjò. Mo mọ ohun tí wọ́n ń wò. Bí òjò bá rọ̀ sórí kọnkéré, á máa ta sókè wọ inú agolo náà. Òjò wa pẹ̀lú ti di irọ́ nìyẹn.

Ọkọ̀ wa gba Mọníyà kọjá. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá mi ní, "Ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń wọ̀n láti ìgbà ọyẹ́ kì í ṣe ojú ọjọ́. Sìmẹ́ńtì ni. Ọ̀sán ló ń mu ooru sára, tó bá dòru á máa tú u jáde. Bí kò bá kúrò níbẹ̀, a máa ti ibùdó náà pa, gbogbo ọdún tí a ti ń wọ̀n ọ́n bọ̀ á sì dúró síbi tó dé. Bí wọ́n bá hú u, tí koríko padà hù, a lè máa bá a lọ."

Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn."

"Tó bá jẹ́ èmi ni mo sọ ọ́, ó di àṣẹ ìjọba. Tó bá jẹ́ ìwọ ni, ọ̀rọ̀ inú ilé ni."

Mo padà lọ ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan. Lẹ́yìn ìrun, ààfáà ṣàdúà fún gbogbo ẹni tó dá sí iṣẹ́ ọmọ wa tó wà ní Ìbàdàn. Bí mo ṣe ń kọjá lójú ọ̀nà, wọ́n ń kí mi pé mo kú oríire. Mo ń dáhùn pé ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo sùn mọ́jú, n ò lè sọ ọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo lọ bá bàbá mi lóko, níbi tí wọ́n ti ń kọ ebè.

Mo ní, "Bàbá, kọnkéré yẹn ò dáa fún ẹ̀rọ."

"Ṣé ó ti là ni? Mo sọ fún bíríkìlà yẹn pé kó fi sìmẹ́ńtì kún un!"

"Kò là, Bàbá."

Mo ṣàlàyé. Wọ́n fi ọkọ́ ti ilẹ̀, wọ́n gbọ́ mi dópin, wọn ò já lu ọ̀rọ̀ mi. Lẹ́yìn ìgbà tí mo dákẹ́, wọ́n ní, "Ká sọ pé gbogbo ooru tí ẹ̀rọ yẹn ń rí lóru, ooru iṣẹ́ ọwọ́ wa ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí lo wá sọ fún àwọn ọ̀gá ẹ pé ó fà á?"

"Mo ní ayé ló ń gbóná."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú wọn.

"Ọmọkùnrin tó ń ya fọ́tò lọ́jọ́ yẹn," ni wọ́n wí. "Mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé iṣẹ́ wa ló wù ú. Mo tiẹ̀ ní kí wọ́n fún un lómi sí i."

Mo ń wo ẹsẹ̀ wọn nínú ebè. Bí ó bá ṣeé ṣe, ǹ bá ti gba ẹ̀rín ọmọ yẹn lójú wọn kí wọ́n tó mọ ohun tó jẹ́.

Mo ní màá lọ bá àwọn ènìyàn nílé kọ̀ọ̀kan, màá sọ fún wọn fúnra mi. Bàbá mi kọ̀. Wọ́n ní, "Kí o ní kí ni? Pé ohun tí wọ́n fi òógùn ojú wọn ṣe fún ẹ, o ò fẹ́? Pé ó ba iṣẹ́ ẹ jẹ́? Wọn ò ní gbàgbé ẹ̀ láyé. Fi sílẹ̀ fún mi. Ilẹ̀ mi ni."

Ohun tí wọ́n ṣe nìyí. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun ní mọ́sálásí, bàbá mi ní kí àwọn àgbà dúró. Èmi náà wà níbẹ̀, lápá ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gba ilẹ̀ àwọn padà. Wọ́n ní ẹ̀gẹ́ ni àwọn fẹ́ gbìn síbi tí wọ́n da kọnkéré sí, ẹ̀rọ ìjọba lè máa wà láàárín, ṣùgbọ́n kọnkéré á kúrò.

Ẹnì kan ní, "Lẹ́yìn tí a ti ṣe é tán?" Bíríkìlà gbọn ẹ̀yìn aṣọ ẹ̀, ó bọ́ síta. Màámi yíjú sí mi. Wọ́n ń retí kí n sọ pé rárá, Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá la ẹnu, mo sọ bàbá mi di òpùrọ́ nínú mọ́sálásí, lójú àwọn tí wọ́n jọ dàgbà. Mo wolẹ̀.

Bàbá mi fúnra wọn ló fọ́ kọnkéré náà. Ọ̀gá mi ní àwọn lè rán lébìrà wá láti Ìbàdàn, bàbá mi ní rárá, bí ọkọ̀ ọ́fíìsì bá dé, àwọn ènìyàn á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Mo ń lọ ní Sátidé láti bá wọn kó àfọ́kù rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bá wa dá sí i. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, kò sí ẹni tí wọ́n lè bẹ̀ ní ọ̀wẹ̀ láti bà á jẹ́.

Ohun tí bàbá mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni koríko. Bí wọ́n ṣe kó kọnkéré kúrò, ilẹ̀ náà pupa, kò sí nǹkan lórí ẹ̀, ẹ̀gẹ́ kankan ò sì gbọdọ̀ hù níbẹ̀. Wọ́n bá ń lọ hú koríko lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń gbìn ín, wọ́n ń bu omi rin ín. Bàbá mi, tí gbogbo agbègbè mọ̀ pé èèpo kì í hù lóko wọn! Àwọn tó ń kọjá á dúró, wọ́n á ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀gẹ́ ọ̀hún nìyẹn?" Àwọn ará abúlé bá sọ bàbá mi ní Oníkoríko. Ọ̀rọ̀ tó wá ń lọ lábúlé ni pé ọkùnrin yìí ò fẹ́ kí ìlú ṣe ọmọ òun lóore tó ju tòun lọ, ó sì fẹ́ràn kí koríko hù síbẹ̀ ju kí iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà níbẹ̀. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á máa gé koríko wọn.

Ní ọ́fíìsì, ibùdó wa bọ́ sípò. Òru abúlé wa tún padà ń tutù bí òru. A yọ gbogbo ìgbà kọnkéré kúrò nínú àkọsílẹ̀, a kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀ kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn wa má bàa ṣì í kà. Lẹ́yìn tí a yọ ọ́, ooru díẹ̀ ṣì kù tó ń gòkè láti ọdún dé ọdún, látìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Kò pọ̀ tó èyí tí wọ́n torí ẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ọ̀gá mi ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ò pọ̀ mọ́, kí n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará ilé.

Iléyá dé. Bàbá mi pa àgbò. A pín ẹran náà sínú ọ̀rá, ti àwọn àgbà, ti bíríkìlà, ti Màámi, a fi ìhà kún tiwọn. Mo ní èmi ni màá gbé e káàkiri fúnra mi, torí mo rò pé ẹnu mi á ṣí ní ilé kan tàbí òmíràn. Ní gbogbo ilé tí mo dé, wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n gbé àga fún mi, wọ́n fún mi lómi, wọ́n ṣàdúà fún mi. Wọ́n sì dá ẹran padà. "Kì í ṣe ìwọ o, ọmọ wa. Ẹran wà nílé." Bíríkìlà ní kí n sọ fún bàbá mi pé kí wọ́n fi jẹ ẹ̀gẹ́ wọn.

Ọ̀dọ̀ Màámi ni mo gbẹ̀yìn sí. Wọn ò wo inú ọ̀rá náà rárá. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n rí i pé omi ti kún un.

Wọ́n ní, "Jókòó." Wọ́n bu ẹran láti inú ìkòkò tiwọn, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. "Jẹ ẹ́. Mo mọ̀ pé ohun tí bàbá ẹ ṣe ń dùn ẹ́. Ojú ń tì ẹ́ láti wò wá, àbí? Má jẹ́ kó tì ẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni wọ́n, n ò lè bú wọn."

Mo ní, "Màámi, kì í ṣe..."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹjọ́ ẹ." Wọ́n fi etí aṣọ wọn nu ojú mi bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré. "A ti jọ sọ ọ́ láàárín ara wa. Ilẹ̀ yẹn ò ní wà lọ́wọ́ bàbá ẹ títí ayé. Ọjọ́ tó bá di tìẹ, a máa da òmíràn sí i fún ẹ. Èyí tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Ẹran wọn ṣì wà lẹ́nu mi. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́.